Ta ló ṣe Ìgbì Ńlá Hokusai gan-an? Ẹ̀yin atẹ̀wé, ẹ̀yin agbẹ́gi, ẹ gbà mí

Tíṣà_Àwòrán

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Mo ní kí n gbé e wá síbí nítorí mo mọ̀ pé atẹ̀wé wà láàárín wa, aláró wà, agbẹ́gi náà wà.

Iṣẹ́ ọnà ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ìwé girama. Mo gbé àwòrán ìgbì òkun ilẹ̀ Japan tí gbogbo ayé mọ̀ yẹn síwájú wọn, èyí tí ìgbì ga bí òkè, tó na èékánná síta, tí ọkọ̀ ojú omi mẹ́ta wà lábẹ́ rẹ̀, tí òkè Fuji fúnra rẹ̀ sì kéré lọ́ọ̀ọ́kán bí ẹni pé ìgbì fẹ́ gbé e mì. Òun náà ló wà lórí owó bébà 1000 yẹ́ẹ̀nì wọn láti oṣù Keje ọdún 2024. Ọmọbìnrin kan nawọ́, ó ní, "Sà, ta ló ṣe é?" Mo ní Hokusai ni. Ó ní, "Ṣé òun náà ló gbẹ́ igi rẹ̀?" Mi ò lè dáhùn.

Mo délé, mo kà á. Hokusai kò fọwọ́ kan ọ̀bẹ níbẹ̀, kò sì tẹ ìwé kankan. Iṣẹ́ ẹni mẹ́rin ni. Àkọ́kọ́ ni hanmoto, oníṣòwò tó ni ṣọ́ọ̀bù. Òun ló ń ro ohun tí ọjà ń fẹ́, òun ló ń pe ayàwòrán, òun ló ń sanwó fún gbogbo wọn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni eshi, ìyẹn ayàwòrán, lẹ́yìn náà horishi tó ń gbẹ́ igi, àti surishi tó ń tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé. Hanmoto tó ṣagbátẹrù ìgbì yìí ni Nishimuraya Yohachi, ní ìlú Edo tí a ń pè ní Tokyo lónìí, ní nǹkan bí ọdún 1831. Ẹ wo apá òsì lókè, ẹ ó rí orúkọ Hokusai. Orúkọ agbẹ́gi kò sí níbẹ̀, ti atẹ̀wé náà kò sí.

Èyí tó wá ká mi lára jù ni pé ìwé tí ayàwòrán fi ọwọ́ ara rẹ̀ yà, ojú rẹ̀ ni wọ́n máa ń dà bolẹ̀ sórí pákó, wọ́n á fi ẹ̀kọ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, agbẹ́gi á wá gbẹ́ igi náà láti orí ìwé yẹn kan. Bí igi ṣe ń di àwòrán ni ìwé ń ṣègbé. Kò sí bébà kan níbì kankan tí ẹnì kan lè gbé sókè pé èyí ni Hokusai yà fún ìgbì náà.

Kí ni mo fẹ́ sọ fún ọmọ yẹn lọ́jọ́ Mọ́ńdè?

Baba_Ṣómólú

Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́. Ọmọ yẹn mọ ìbéèrè í bi.

Ó lé ní ọdún 25 tí mo ti ń tẹ̀wé ní Ṣómólú. Ohun tí a ń pè ní rẹ́jísítà ni olórí wàhálà iṣẹ́ wa. Bí o bá fẹ́ tẹ àwọ̀ mẹ́rin, ìwé kan náà ni yóò wọ ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀mẹrin. Bó bá fi ìbú irun yẹ̀, ètè ìyàwó ti bọ́ sí àgbọ̀n lórí kàlẹ́ńdà ìgbéyàwó, oníṣẹ́ kò sì ní gbà á lọ́wọ́ rẹ. Àwa ní ẹ̀rọ tó ń bá wa di ìwé mú. Ọwọ́ lásán ni àwọn ará Edo ní.

Mo ti rí fídíò bí wọ́n ṣe ń ṣe é, mo sì wò ó tó ẹ̀ẹ̀marùn-ún. Àmì méjì ni wọ́n ń gbẹ́ sí etí pákó. Ọ̀kan rí bí igun àpótí, kagi lorúkọ rẹ̀. Èkejì jẹ́ ìlà tó lọ tààrà, hikitsuke ni wọ́n ń pè é. Àwọn méjèèjì ni kentō. Igun ìwé yóò jókòó sínú kagi, etí rẹ̀ yóò fara ti hikitsuke, lẹ́yìn náà ni atẹ̀wé yóò jẹ́ kí ìyókù ìwé sọ̀kalẹ̀ jẹ́jẹ́ sórí pákó.

Ẹ wá wo ọgbọ́n ibẹ̀. Pákó ìlà ni wọ́n kọ́kọ́ ń gbẹ́, pẹ̀lú kentō lára rẹ̀. Wọ́n á tẹ ìwé mélòó kan láti ara rẹ̀, ayàwòrán á sì máa fàmì sí wọn: ibí yìí pupa, ibí yìí búlúù, ibí yìí eérú. Àwọn ìwé yẹn ni wọ́n tún ń lẹ̀ mọ́ pákó mìíràn, àwọ̀ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ibi tirẹ̀ lórí pákó, kí wọ́n tó gbẹ́ ẹ. Kentō ti tẹ̀ sórí gbogbo ìwé yẹn tẹ́lẹ̀, nítorí náà ojú kan náà ló ń bọ́ sí lórí gbogbo pákó. Wọn ò fi rúlà wọn nǹkan kan. Pákó àkọ́kọ́ ló bí àwọn yòókù.

Síbẹ̀ náà, ìwé tútù ni wọ́n fi ń tẹ̀. Ìwé tútù a máa fẹ̀, igi náà a máa wú. Bí atẹ̀wé bá rí i pé ó ti fẹ́ máa yẹ̀, á fi ọ̀bẹ há kentō díẹ̀ tàbí kó fi ègé igi tín-ín-rín dí i. Ojú rẹ̀ ni ẹ̀rọ. Nǹkan bí ìwé 200 ni wọ́n ní irú ẹni bẹ́ẹ̀ ń tẹ̀ lójúmọ́. Ẹni tó jókòó sílẹ̀, tó ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìwé 200 láì yẹ̀, òun ló ṣe àwòrán yẹn lójú tèmi.

Ayékòótọ́

Ẹ̀yin àgbà, ẹ jọ̀ọ́, mo ní èrò tó yàtọ̀. Ẹni tó ro nǹkan ló ni ín. Bí mo bá ya àwòrán ilé, bíríkìlà lè mọ ọ́n dáadáa, kò sọ ilé náà di èrò rẹ̀. Agbẹ́gi mìíràn ì bá gbẹ́ ìgbì yẹn, ìgbì Hokusai náà ni a ó ṣì máa pè é.

Àwọn ará Japan fúnra wọn rò ó báyìí nígbà tó yá. Ní ọdún 1904, Yamamoto Kanae ya apẹja kan, ó gbẹ́ ẹ, ó sì tẹ̀ ẹ́, gbogbo rẹ̀ fúnra rẹ̀. Láti ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní sōsaku-hanga ti jáde. Ohun tí wọ́n ń wí ni pé kí ayàwòrán yà á fúnra rẹ̀, kó gbẹ́ ẹ fúnra rẹ̀, kó tẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ̀, láìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ ọnà tirẹ̀. Munakata Shikō wà lára àwọn tó rìn lójú ọ̀nà yẹn, ó sì gba ẹ̀bùn ńlá ní Venice ní ọdún 1956. Bí iṣẹ́ ẹni mẹ́rin bá dára tó bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí àwọn ọmọ ilẹ̀ náà fi sá kúrò nídìí rẹ̀?

Ọmọ_Agbẹ́gi

Ayékòótọ́, àbúrò mi, mo gbọ́ yín. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò gbẹ́gi rí ló ń rò pé agbẹ́gi kàn ń tẹ̀lé ìlà.

Ìdílé agbẹ́gi ni wọ́n bí mi sí. Igi irúnmú tiwa kì í ṣe igi ṣẹ́rì, ère kì í sì í ṣe pákó ìtẹ̀wé, àmọ́ ọ̀bẹ ni ọ̀bẹ. Igi ṣẹ́rì orí òkè tí wọ́n ń pè ní yamazakura ni tiwọn. Ó le, ojú rẹ̀ dì, kì í tètè ṣán. Ìlà tó yẹ kó tẹ̀ ni wọ́n ń fi sílẹ̀ lókè, gbogbo ohun tó yí i ká ni wọ́n ń gbẹ́ kúrò. Ẹ ro ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Ìlà kan tí búrọ́ọ̀ṣì fi ìmí kan fà, ẹ̀ẹ̀mejì ni agbẹ́gi ní láti gé e, apá ọ̀tún àti apá òsì, kó sì dà bí ohun tí wọ́n fà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó ní láti dẹ ọ̀bẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ìdí ìlà náà lè fẹ̀ ju orí rẹ̀ lọ, bíbẹ́ẹ̀ kọ́ yóò ṣẹ́ nígbà tí wọ́n bá ń tẹ̀ ẹ́.

Ẹ wá wo irun obìnrin nínú àwọn àwòrán Utamaro, ayàwòrán Japan mìíràn, níbi tí irun ti yọ níwájú orí. Fọ́nrán irun tó tín-ín-rín, tó ń sún mọ́ra wọn títí wọ́n fi wọ inú dúdú. Lọ́pọ̀ ìgbà ayàwòrán kì í ya fọ́nrán wọ̀nyẹn. Ó máa fa bí orí ṣe rí, ó máa fi ibi tí irun wà hàn, ó tán. Agbẹ́gi ló máa fi ọ̀bẹ fa irun náà jáde láti inú igi, lọ́kọ̀ọ̀kan. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọnà ara aṣọ ṣe máa ń rí nígbà mìíràn, ayàwòrán á kàn júwe rẹ̀ ní igun kan. Irun lẹ́yìn etí yẹn tí gbogbo wa ń yìn Utamaro fún, Utamaro kò yà á! Ọ̀gá inú ilé iṣẹ́ ló ń gbẹ́ orí àti irun. Ọmọ iṣẹ́ tó ti gòkè díẹ̀ á gbẹ́ aṣọ, àwọn kékeré á máa ko igi tí a kò fẹ́ kúrò. Alẹ́ bá lẹ́, wọ́n á gbé ìgò róbótó tó kún fún omi síwájú fìtílà kí ìmọ́lẹ̀ lè kó jọ sójú kan lórí pákó.

Hokusai fúnra rẹ̀ mọ èyí. Kó tó di ọmọ iṣẹ́ ayàwòrán Katsukawa Shunshō, iṣẹ́ gbígbẹ́ pákó ló kọ́ nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀. Nígbà tó dàgbà, ní àárín àwọn ọdún 1830, ó kọ lẹ́tà sí oníṣòwò ìwé rẹ̀. Ó bẹ̀ ẹ́ pé Egawa Tomekichi ni kó gbé pákó fún. Ó ní kí agbẹ́gi má fi ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ kún ojú tí òun kò yà á sí. Ó tún ya imú oríṣi méjì sínú lẹ́tà náà: irú èyí tí òun ń yà, àti irú èyí tí àwọn agbẹ́gi ti mọ́ lára láti ilé Utagawa, ìyẹn ẹgbẹ́ ayàwòrán mìíràn, tí wọ́n sì máa ń gbẹ́ sójú àwòrán òun. Ẹ gbọ́ mi o. Ẹni tí ẹ ní òun nìkan ló ni iṣẹ́ náà, òun náà ló ń jókòó kọ lẹ́tà torí imú, nítorí ó mọ̀ pé tí ọ̀bẹ bá ti wọlé, imú ti di ti ẹlòmíràn.

Bíríkìlà kì í yí imú onílé padà, Ayékòótọ́.

Ìyá_Aláró

Ẹ kú ìjíròrò o, ẹ̀yin ọmọ mi. Ìtọ́kú ni mo wà, l'Abẹ́òkúta. Ìbéèrè tèmi kò pọ̀. Ta ló ń po àwọ̀ wọn? Kí ni wọ́n fi ń pò ó? Mo rí ọ̀run nínú àwòrán wọn tó dúdú lókè, tó wá ń ṣí lọ títí tó fi funfun. Lórí aṣọ, èyí tí mo mọ̀ ni ká rì í bọ aró léraléra. Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é lórí pákó?

Àkànní_Lọ́ńdọ̀nù

Ẹ káàárọ̀ mà. Mo lè dá yín lóhùn díẹ̀ nítorí mo kọ́ ọ fún ọjọ́ mẹ́ta níbí, lọ́wọ́ obìnrin kan tó lọ kọ́ ọ ní Japan.

Atẹ̀wé ló ń po àwọ̀ mà. Omi ni, kì í ṣe epo bíi ti yíǹkì Baba Ṣómólú. Wọ́n á ta àwọ̀ sórí pákó, wọ́n á kán ẹ̀kọ ìrẹsì díẹ̀ sí i, wọ́n á fi búrọ́ọ̀ṣì onírun ẹṣin pa á pọ̀ lórí igi níbẹ̀. Ẹ̀kọ náà ló ń jẹ́ kí àwọ̀ dúró déédéé, láìsí i, ó máa ń ṣe kókó-kókó.

Ọ̀run tí ẹ rí yẹn, bokashi ni wọ́n ń pè é. Kò sí nǹkan kan tí wọ́n gbẹ́ síbẹ̀, pákó tó tẹ́jú ni. Atẹ̀wé á fi aṣọ tútù nu ibẹ̀, á fi àwọ̀ sí òkè nìkan, á wá fa búrọ́ọ̀ṣì lọ fa búrọ́ọ̀ṣì bọ̀ títí àwọ̀ yóò fi máa rọra ṣí sínú omi. Tó bá tẹ ìwé kan tán, ó gbọ́dọ̀ tún un ṣe fún èyí tó tẹ̀ lé e. Ìdí nìyẹn tí ìwé méjì láti ara pákó kan náà fi lè ní ọ̀run tó yàtọ̀. Bí ẹ bá ti rí àwọn àwòrán Edo tí Hiroshige yà láàárín 1856 sí 1858, alẹ́ tó ń ṣú lórí odò níbẹ̀, ọwọ́ atẹ̀wé ni.

Mà, ẹ ó fẹ́ràn èyí. Búlúù ìgbì Hokusai jẹ́ búlúù òyìnbó tó wá láti Berlin, bero-ai ni wọ́n ń pè é, ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ pọ̀ lọ́jà wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn onímọ̀ yẹ ìlà tó yí ìgbì ká wò, wọ́n rí i pé aró ni wọ́n pò mọ́ búlúù òyìnbó náà. Ìlà yẹn kì í ṣe dúdú. Aró wà níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi nídìí iṣẹ́ yẹn, nítorí ó kan ọ̀rọ̀ yìí. Olùkọ́ gbé baren fún mi, ìyẹn ohun róbótó tí wọ́n fi ń ra ẹ̀yìn ìwé. Okùn tí wọ́n fi èèpo ọparun lọ́, tí wọ́n wá ká bí òṣùká, ló wà nínú rẹ̀. Àwo pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ìwé lẹ̀ léra ló gbé e dúró, èèpo ọparun kan ṣoṣo ló sì wé gbogbo rẹ̀ pọ̀, tí wọ́n dì mú lẹ́yìn. Mo rò pé agbára ni. Mo tẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń fọ aṣọ òfì. Ìwé mi àkọ́kọ́ kún fún kókó, èkejì ya. Ó fi ọwọ́ rẹ̀ lé ọwọ́ mi, ó ní kí n jẹ́ kí ara mi wúwo, kí apá mi má le. Ìwé kẹtàlá ló jáde dáadáa. Ó yí i padà, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀ kó tó wo ojú rẹ̀. Bí àwọ̀ bá wọ inú ìwé dáadáa, ẹ óò rí i láti ẹ̀yìn.

Látìgbà náà, mi ò lè wo ìgbì yẹn kí n má ro èjìká ẹni tó tẹ̀ ẹ́.

Ìyá_Aláró

Ọlọ́run á bùkún fún ọ, Àkànní. Aró wà níbẹ̀! Mo ti pe àwọn ọmọ iṣẹ́ mi wá kà á.

Ayékòótọ́

Mo ti gba ti imú o, ẹ̀gbọ́n Ọmọ_Agbẹ́gi, mi ò jiyàn mọ́ lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n hanmoto ńkọ́? Ẹni tó kàn kówó sílẹ̀, ṣé òun náà ló ṣe é? Ìyẹn ni kò yé mi.

Tíṣà_Àwòrán

Èmi náà rò ó bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, títí mo fi kà nípa Tsutaya Jūzaburō. Òun ló ń gbé iṣẹ́ Utamaro jáde. Ní ọdún 1791, ó gbé ìwé Santō Kyōden kan jáde, àwọn aláṣẹ sì ní ó ta ko òfin. Wọ́n kó ẹ̀wọ̀n sí ọwọ́ òǹkọ̀wé fún ọjọ́ 50. Wọ́n gba ìdajì dúkìá Tsutaya. Lẹ́yìn ìyẹn, ní 1794, ọkùnrin yìí tún kó owó lé ẹnì kan tí kò lórúkọ rárá, Sharaku, ó ní kí wọ́n tẹ àwọn òṣèré rẹ̀ sórí ilẹ̀ tó ń dán nítorí máíkà, ìyẹn òkúta dídán, tí wọ́n lọ̀ sí i. Máíkà kì í ṣe ohun ọ̀fẹ́. Oṣù mẹ́wàá péré ni Sharaku fi ṣiṣẹ́, ó pòórá. Bí kò bá sí Tsutaya, a kò ní í ní ojú àwọn òṣèré wọ̀nyẹn lónìí.

Ní ti ẹgbẹ́ 1904 tí ẹ mẹ́nu bà, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n nǹkan bí ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, hanmoto kan tí ń jẹ́ Watanabe Shōzaburō tún kó ayàwòrán, agbẹ́gi àti atẹ̀wé jọ sábẹ́ òrùlé kan. Ìmìtìtì ilẹ̀ oṣù Kẹsàn-án ọdún 1923 jó ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ àti pákó inú rẹ̀ ráúráú. Ó tún bẹ̀rẹ̀. Òjò àti yìnyín inú àwọn àwòrán Kawase Hasui, ibẹ̀ ló ti jáde. Gbogbo wọn kọ́ ló sá o.

Ọmọ_Agbẹ́gi

Wọ́n a máa kọ orúkọ agbẹ́gi nígbà mìíràn, kí ẹ mọ̀. Nígbà tí ayàwòrán Harunobu àti àwọn ọlọ́rọ̀ tó ń ṣe kàlẹ́ńdà bẹ̀rẹ̀ àwòrán aláwọ̀ púpọ̀ ní 1765, àwọn kan wà tí orúkọ agbẹ́gi àti ti atẹ̀wé wà lára wọn. Ní ìgbẹ̀yìn ìgbà tí a ń pè ní ìgbà Edo náà, ẹ óò rí èdìdì kékeré ní igun àwòrán Hiroshige kan: Hori Take. "Hori" ni gbígbẹ́. Ó hàn pé ẹni tó ń rà á mọ ọwọ́ Take, ó sì ń wá a.

Àkànní, ṣé o ti fojú ara rẹ rí ìgbì náà? Ṣé ó hàn lára rẹ̀ pé pákó ti ń jẹ?

Àkànní_Lọ́ńdọ̀nù

Mo ti rí i, ẹ̀gbọ́n, ní British Museum. Kò tóbi rárá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìwé ìròyìn tí wọ́n ṣẹ́ po. Ẹ wo àpótí tí wọ́n kọ àkọlé sí lókè lápá òsì. Ìlà méjì ló yí i ká. Nínú èyí tí wọ́n tètè tẹ̀, ìlà yẹn lọ geere. Nínú èyí tó pẹ́, ó ti gé lápá òsì, nítorí ìlà tín-ín-rín ló kọ́kọ́ ń ṣẹ́ lára pákó. Ibẹ̀ ni àwọn tó mọ̀ ọ́n máa ń kọ́kọ́ wò. Nígbà tí wọ́n ta ọ̀kan ní New York ní oṣù Kẹta ọdún 2023, dọ́là mílíọ̀nù 2.76 ni. Nígbà tí Nishimuraya ń tà á, kò ju owó àwo núdùlù kan tàbí méjì lọ.

Ilé iṣẹ́ Adachi ní Tokyo ṣì ń gbẹ́ ẹ tuntun, wọ́n ṣì ń tẹ̀ ẹ́, àwọn ọ̀dọ́ sì ń kọ́ ọ níbẹ̀.

Baba_Ṣómólú

Tíṣà, Mọ́ńdè ti kọjá. Kí lẹ sọ fún ọmọ yẹn?

Tíṣà_Àwòrán

Mo ka gbogbo ohun tí ẹ kọ síbí fún kíláàsì, bàbá. Imú Hokusai ló dùn mọ́ wọn jù. Lẹ́yìn náà, ọmọbìnrin yẹn mú páálí, a jọ kọ ọ́ sábẹ́ àwòrán náà lára ògiri:

Ẹni tó gbé e jáde: Nishimuraya Yohachi.
Ẹni tó yà á: Katsushika Hokusai.
Ẹni tó gbẹ́ ẹ:
Ẹni tó tẹ̀ ẹ́:

Ó ní kí a fi ìlà méjì ìsàlẹ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí a má pa á rẹ́.

Ìyá_Aláró

Ó dára púpọ̀. Ẹni tó ṣe ìwé náà ńkọ́? Ìwé tí wọ́n rẹ sómi, tí wọ́n fi ọparun ra ẹ̀yìn rẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ìgbà tí kò sì ya, kì í ṣe ìwé lásán.

Àkànní_Lọ́ńdọ̀nù

Òótọ́ ni mà. Hōsho ni, èèpo igi kōzo ni wọ́n fi ń ṣe é. Èyí tó dára jù lọ máa ń wá láti Echizen, wọ́n á fi lẹ́ẹ̀ àti álọ́ọ̀mù pa á lára kó má baà fa àwọ̀ mu jù.

Tíṣà_Àwòrán

Ẹ ṣé, mà. Ààyè ṣì wà lórí páálí náà. Lọ́la la óò fi ìlà karùn-ún sí i.